Ping ń dáhùn wàrà àmọ́ fáìlì ń wọ́ bí ìgbín: kí ni "half duplex" yìí gan-an?

ỌmọṢẹ́_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti bí ọjọ́ mẹ́ta, ó ti wá dà bíi pé kébùlù ni mò ń bá jà. Mo so sáfà kan (kọ̀ǹpútà tí a ń kó fáìlì sí) mọ́ síwíìṣì (àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀), iná ẹ̀ ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí mo bá ping ẹ̀, ìyẹn kí n fi ìbéèrè kékeré kàn án pé ṣó wà níbẹ̀, ó ń dáhùn wàrà, kì í tó mílísẹ́kọ́ńdù 1, ẹyọ kan kì í sọnù nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ ẹ ní kí n kó fáìlì jáde látinú ẹ̀ wàyí, fáìlì tí kò ju 700 MB lọ o, á sáré díẹ̀, á dúró bíi pé ó ń ronú, á tún sún díẹ̀, á tún dúró, mo lọ jẹun mo padà dé, ó ṣì ń sọ fún mi pé ó ku ìdajì.

Mo ti pààrọ̀ kébùlù lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti pa sáfà, mo ti tún un tàn. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló ní kí n tẹ ethtool, àṣẹ tó ń fi ipò káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, ohun tó gbé jáde nìyí:

Speed: 100Mb/s
Duplex: Half
Auto-negotiation: on
Link detected: yes

Bó ṣe rí "Half" yẹn báyìí ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní walkie-talkie ni mo gbé kalẹ̀, mo ń pè é ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó bá tiẹ̀ lọ, kò ṣàlàyé nǹkan kan. Ohun tí kò yé mi ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣáà ń lọ ó sì ń bọ̀, mò ń fi ránṣẹ́ mo sì ń gbà, àbí ìyẹn kì í ṣe ọ̀nà méjì ni? Ìdajì kí ni wá ni half yẹn, ìdajì eré ni àbí ìdajì wáyà? Tó bá sì jẹ́ bíi walkie-talkie ló rí, kí ló dé tí fóònù kì í ní kí n tẹ bọ́tìnnì kí n tó sọ̀rọ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, ẹ má sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù.

---

Bàbá_Síwíìṣì

Àbúrò, ẹ̀tẹ̀ la ó kọ́kọ́ wò ká tó wo làpálàpá. Fi sáfà sílẹ̀, kò ṣẹ̀ ẹ́. Lọ síbi síwíìṣì, wo sẹ́tìn pọ́ọ̀tù tí kébùlù yẹn wọ̀. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹnì kan ti tì í pa sí 100 full (eré 100 Mb/s, àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) láyé ọjọ́un nítorí ẹ̀rọ àtijọ́ kan, ó sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Tí kébùlù bá so ẹ̀rọ méjì pọ̀, tí àwọn méjèèjì wà ní auto, wọ́n á kọ́kọ́ kíra wọn, ọ̀kan á ní èmi lè ṣe 10, mo lè ṣe 100, mo lè ṣe full, èkejì náà á ka tiẹ̀, wọ́n á wá mú èyí tó dáa jù nínú ohun tí wọ́n jọ mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ tí wọ́n bá ti fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́ kan pa, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í kí ẹnikẹ́ni mọ́, ó kàn ń sọ̀rọ̀ lọ ni. Sáfà tìẹ á wá tẹ́tí, á gbọ́ irú ìró tó ń bọ̀, á mọ̀ pé 100 lèyí torí ìró 100 ò jọ ti 10 rárá. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú ìró yẹn tó lè fi mọ̀ bóyá full ni àbí half. Òfin IEEE 802.3, ìyẹn òfin Ethernet, nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí kébùlù, sì ti là á kalẹ̀ pé tí o ò bá mọ̀, half ni kó o mú. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣe ń ṣe full tí èkejì ń ṣe half nìyẹn. Duplex mismatch là ń pè é, ó ti gba oorun lójú mi rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Wò ó báyìí, sáfà tó wà ní half gbà pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó tó la ẹnu á tẹ́tí, tí ọ̀nà bá dákẹ́ rọ́rọ́ á bẹ̀rẹ̀. Síwíìṣì tó wà ní full ní tiẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ó gbà pé ọ̀nà tòun yàtọ̀, ìgbà tó bá wù ú ló ń sọ. Sáfà wà láàárín ọ̀rọ̀, síwíìṣì náà la ẹnu, sáfà á ní ha, a ti forí gbárí, á já ọ̀rọ̀ ẹ̀ dà sílẹ̀, á dúró fún ìgbà díẹ̀ kan tó ṣà bí ẹni ṣa tẹ́tẹ́, kó tó tún gbìyànjú. Síwíìṣì ò rí ìforígbárí kankan, àjákù ọ̀rọ̀ ló bọ́ sí i lọ́wọ́, á kà á sí CRC error (ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ lọ́nà), á dà á nù. Tó bá wá jẹ́ pé lẹ́yìn tí báìtì 64 àkọ́kọ́ ti jáde ni wọ́n forí gbárí, late collision nìyẹn, káàdì sáfà ò ní tún un fi ránṣẹ́ mọ́, ó di ọwọ́ TCP, ìlànà tó ń rí i pé dátà dé pé, láti mọ̀ pé nǹkan ti sọnù, TCP sì máa ń rò pé ọ̀nà ló kún, á wá dẹ eré. Ìdúró tó ò ń rí yẹn, tó o ní ó dà bíi pé ó ń ronú, òun gan-an nìyẹn.

Ping ò lè fi hàn ẹ́ láé. Ping máa ń béèrè, á dákẹ́, ìdáhùn á wọlé, á tún sinmi fún sẹ́kọ́ńdù kan. Àlọ ẹ̀ àti àbọ̀ ẹ̀ kì í pàdé lọ́nà. Fáìlì ló jẹ́ pé bí dátà ṣe ń jáde ni èsì "mo ti gbà á, mo ti gbà á" ń wọlé lákòókò kan náà.

Tẹ ethtool -S kó o wo iye collision (ìforígbárí), tó bá ń gun òkè bó o ṣe ń kó fáìlì, kò sí ẹjọ́ mọ́. Dá pọ́ọ̀tù yẹn padà sí auto. Má sì lọ ti sáfà náà pa pé kí àwọn méjèèjì lè dọ́gba o, ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ lọ́jọ́ kan lo fẹ́ fìyà jẹ yẹn.

---

Ìyá_Rédíò

Bàbá ti wo síwíìṣì sàn, ẹ jẹ́ n dáhùn ohun tọ́mọ yìí béèrè gan-an, torí ìbéèrè gidi ni.

Kì í ṣe ìdajì eré, kì í ṣe ìdajì wáyà. Half duplex túmọ̀ sí pé àlọ wà, àbọ̀ wà, àmọ́ ọ̀nà kan ni wọ́n jọ ń pín, bí afárá tóóró tí mọ́tò kan ṣoṣo lè gbà, ti ọ̀hún á kọjá tán kí ti ìhín tó wọlé. Full duplex ni kí àwọn méjèèjì máa kọjá lẹ́ẹ̀kan náà láìdí ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan tún wà tí wọ́n ń pè ní simplex, àlọ láìní àbọ̀, bíi rédíò tó ò ń gbọ́ ìròyìn lórí ẹ̀, o lè pariwo sí i títí dalẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. (Ẹ má jẹ́ kí àwa oní-rédíò dà yín rú ṣá. Lọ́dọ̀ tiwa, àti nínú òfin ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí rédíò, simplex la máa ń pe ọ̀rọ̀ ìwọ-sọ-kí-n-sọ tí ẹ̀yin ará kọ̀ǹpútà ń pè ní half duplex. Mo ti rí àgbàlagbà méjì tó fẹ́ẹ̀ bá ara wọn jà lórí ẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ.)

Ìbéèrè tó wà nídìí ẹ̀ ni pé kí ló fà á tí ẹ̀rọ ò fi kàn lè máa sọ kó sì máa gbọ́. Ohùn ara ẹ̀ ni. Mú rédíò ọwọ́ kan tó ń gbé wáàtì 5 jáde. Ohun tó fẹ́ gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn, tó o bá pín wáàtì 1 sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, kó o tún mú ẹyọ kan nínú ẹ̀ kó o pín in sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ó ṣeé ṣe kó má tó bẹ́ẹ̀. Áńtẹ́nà kan náà ni wọ́n jọ ń lò, fíríkúẹ́ńsì kan náà. Tó bá ń pariwo, báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lókèèrè? Yorùbá ní bí a bá ń sunkún à á máa ríran, àwa èèyàn nìyẹn o, rédíò tó bá ń sunkún kì í ríran. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó o ṣe tẹ bọ́tìnnì yẹn báyìí, rédíò á gba áńtẹ́nà lọ́wọ́ etí, á gbé e fún ẹnu, etí á di. Torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ "over", ká lè jẹ́ kẹ́nì kejì mọ̀ pé a ti fẹ́ ṣí etí.

Ẹ wá wo ibi tó ti léwu. Ọkọ̀ òfuurufú títí dòní, lórí VHF láàárín 118 sí 137 MHz, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà kan ń pín in ni. Lọ́jọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, ní pápákọ̀ òfuurufú Los Rodeos ní Tenerife, erékùṣù Sípéènì kan, Boeing 747 méjì wà lójú ọ̀nà kan náà nínú kùrukùru, ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú KLM ń múra àtigbéra, ti iléeṣẹ́ Pan Am ṣì ń rìn lọ lójú ọ̀nà. Àwọn tó wà lókè ilé ìṣọ́ ń sọ fún KLM pé kó dúró, Pan Am náà tẹ bọ́tìnnì lásìkò kan náà, ó ń sọ pé àwọn ò tíì kúrò lójú ọ̀nà o. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ì bá dá KLM dúró. Ṣùgbọ́n lórí AM, irú rédíò tí ọkọ̀ òfuurufú ń lò, tí ohùn méjì bá gun ara wọn, ìró kan tó ń han bíi súfèé ló máa ń dà, ìró yẹn ló kún etí àwọn awakọ̀ KLM. Èèyàn 583 ló kú. Kì í ṣe rédíò nìkan ló fà á, ọ̀pọ̀ nǹkan ló pàdé níbẹ̀, balógun ọkọ̀ ti gbéra láìgbàṣẹ. Àmọ́ àwọn méjì tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn, kò sí èyí tó mọ̀ pé ẹnì kejì ń sọ̀rọ̀, torí etí tiwọn ti di. Látìgbà náà, wọn kì í pe "take-off" lórí rédíò mọ́ àfi tí wọ́n bá ń yọ̀ǹda fún ọkọ̀ pé kó gbéra ní tòótọ́, tàbí tí wọ́n ń fagi lé e.

---

Olófòófó_Tẹ́kì

Ẹ ṣeun mà. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì yẹn ti yé mi, àmọ́ ẹ jẹ́ n ta ko yín díẹ̀. Wáìfáì ńkọ́? Rédíò ni, áńtẹ́nà ni, fíríkúẹ́ńsì kan ni, síbẹ̀ mò ń wo fídíò, mò ń gbé fọ́tò sókè, mò ń ṣe ìpè fídíò pẹ̀lú, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Full duplex nìyẹn jàre.

---

Bàbá_Síwíìṣì

Rárá o. Half duplex pọ́ńbélé ni wáìfáì, ó kàn ń yára tójú ò fi rí i ni. Fóònù ẹ á sọ̀rọ̀ fún bí ìdá kékeré nínú mílísẹ́kọ́ńdù kan, á dákẹ́, ráúta á sọ tiẹ̀, fóònù ẹlòmíì nínú ilé á sọ, ọ̀rọ̀ á tún padà kàn ẹ́.

Ibi tó dùn nínú ẹ̀ rèé. Ethernet àtijọ́ tó jẹ́ pé kébùlù nínípọn kan ni gbogbo kọ̀ǹpútà jọ gùn lé, kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ lè gbọ́ tẹ́lòmíì bá já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀, torí lórí wáyà, ohùn ẹnì kejì kì í rẹlẹ̀ jù. Nítorí náà bí wọ́n bá ti forí gbárí, wọ́n á mọ̀, wọ́n á dúró, kálukú á ṣa tẹ́tẹ́ ẹ̀, tó bá tún ṣẹlẹ̀ iye tí wọ́n ń ṣà nínú ẹ̀ á di ìlọ́po méjì, tó bá di ìgbà kẹrìndínlógún wọ́n á jáwọ́. Wáìfáì ò lè gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Ìyá ti sọ ìdí ẹ̀, ohùn ara ẹ̀ ti dí i létí. Kí ló wá ń ṣe? Á tẹ́tí dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀, tọ́nà bá tiẹ̀ dákẹ́ á tún mú sùúrù díẹ̀ sí i, tó bá sọ tán á dúró de èsì ACK ("mo ti gbà á"), tí ACK ò bá dé á gbà pé ó ti bàjẹ́ lọ́nà, á tún un sọ. Àwọn ará Yunifásítì Hawaii ló kọ́kọ́ fi irú ọgbọ́n dúró-de-èsì yìí gbé kọ̀ǹpútà sórí rédíò lọ́dún 1971, ALOHAnet ni wọ́n pè é, ibẹ̀ náà ni Robert Metcalfe ti mú èrò tó fi ṣe Ethernet ní ilé ìwádìí Xerox PARC lọ́dún 1973.

Ìdí nìyí tí eré tí wọ́n kọ sára páálí ráúta kì í fi í jọ eré tó o máa rí. Àlọ, àbọ̀, ACK, ìdúró, àti gbogbo ẹni tó wà nínú ilé, wọ́n jọ ń pín in ni. Ṣé o ti rí i rí pé tí ẹnì kan bá ń gbé fáìlì ńlá sókè lórí wáìfáì, tìẹ tó ò ń fà sísàlẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà lẹ́sẹ̀? Lórí kébùlù tó wà ní full, oun ò ní dí ẹ lọ́wọ́ lórí wáyà yẹn.

---

ỌmọṢẹ́_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú orí ire o! Bàbá, bẹ́ ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́ ni. Mo débi síwíìṣì, pọ́ọ̀tù yẹn wà ní 100 full, àfọwọ́tì, àkọlé tí wọ́n fi sí i tiẹ̀ ń pe orúkọ ẹ̀rọ kan tí kò sí mọ́. Kí n tó fọwọ́ kàn án mo wo ethtool -S, late collision ń gun òkè bíi mítà ọkọ̀. Mo dá a padà sí auto, iná kú, iná tàn, mo tún tẹ ethtool, wọ́n ní 1000Mb/s, Full! Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé síwíìṣì yẹn lè ṣe gígá, ìyẹn 1000Mb/s. Fáìlì 700 MB yẹn ò gbà tó sẹ́kọ́ńdù mẹ́wàá. Mo tún un kó lẹ́ẹ̀mẹta, kí n ṣáà lè máa wò ó.

Àmọ́ nǹkan kan tún ti wá rú mi lójú. Mo lọ kà á pé lórí 100, wáyà mẹ́rin péré ni wọ́n ń lò nínú mẹ́jọ tó wà nínú kébùlù, méjì fún àlọ, méjì fún àbọ̀. Ìyẹn yé mi, kálukú ló ní ọ̀nà tiẹ̀. Wọ́n wá ní gígá ń lo gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, pé àlọ àti àbọ̀ ń kọjá lórí wáyà KAN NÁÀ lásìkò KAN NÁÀ. Ṣé Ìyá ò ní ìyẹn ò ṣeé ṣe ni?

---

Wáyà_Àtijọ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ibi tí mo ti fẹ́ dá sí i rèé, torí tẹlifóònù ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun.

Ìyá ò sọ pé kò ṣeé ṣe, ó ní ohùn ara ẹni ló ń dini létí. Wò ó dáadáa, gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ń dá lórí ọ̀rọ̀ full duplex, ọgbọ́n bí ẹnu ẹni ò ṣe ní dí etí ẹni ni. O lè fún àlọ ní wáyà tiẹ̀ kí àbọ̀ ní tiẹ̀, bíi ti 100 yẹn. O lè fún wọn ní fíríkúẹ́ńsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. O lè pín àsìkò fún wọn. Ìkẹrin ló wá jẹ́ àgbà ọgbọ́n: ohun tó o sọ, ṣebí ìwọ lo sọ ọ́, o mọ̀ ọ́n, yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó ò ń gbọ́, ohun tó bá ṣẹ́ kù, ti ẹnì kejì ni.

Tẹlifóònù ilé ti ń ṣe é tipẹ́. Wáyà méjì péré ló wọ inú ilé, ohùn tìẹ àti tẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀ jọ wà lórí ẹ̀. Nínú ẹ̀rọ yẹn, kọ́ìlì kan wà tí wọ́n ń pè ní hybrid. Tó o bá sọ̀rọ̀, á pín ohùn ẹ sí méjì, apá kan á gba orí wáyà gidi lọ, apá kejì á lọ sórí ayédèrú wáyà kan tó wà nínú ẹ̀rọ níbẹ̀, tí wọ́n ṣe kó lè máa hùwà bíi wáyà gidi. Níbi tí etí ẹ wà, apá méjèèjì á dé ní òdìkejì ara wọn, ọ̀kan ń tì, ọ̀kan ń fà, wọ́n á pa ara wọn. Ohùn ẹnì kejì ò ní alátakò tiẹ̀, á wọlé tààrà.

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ ṣá, sidetone là ń pè é. Tó o bá gbé fóònù sétí tí o ò gbọ́ ohùn ara ẹ rárá, wà á rò pé ó ti kú, wà á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Tó bá pọ̀ jù, wà á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo ti tún èyí tó pọ̀ jù ṣe rí, oníbàárà sọ fún mi pé gbogbo ẹni tóun bá pè ló ń ní kóun gbóhùn sókè, òun ò sì mọ̀dí.

Ibi tí wàhálà ti ń dé ni pé ayédèrú wáyà yẹn kì í bá ti gidi mu tán, wáyà ilé kan gùn, ti òmíì kúrú. Díẹ̀ nínú ohùn á sá lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì, á tún padà, gbohùngbohùn nìyẹn. Tọ́nà bá kúrú, o ò ní mọ̀. Gbé e gba sátẹ́láìtì tó wà lókè ní kìlómítà 35,786 wàyí, kí ohùn ẹ gòkè kó sọ̀ kalẹ̀ nìkan, ó ti tó ìdá mẹ́rin sẹ́kọ́ńdù, kó tún padà wá bá ẹ, ìdajì sẹ́kọ́ńdù ti lọ. Gbìyànjú kó o sọ̀rọ̀ nígbà tí ohùn ara ẹ ń sín ẹ jẹ ní ìdajì sẹ́kọ́ńdù lẹ́yìn, ahọ́n ẹ á kọ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á fi ẹ̀rọ kan ti ẹnu ẹnì kan pa nígbà tẹ́nì kejì bá ń sọ̀rọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti sọ full di half padà! Láàárín ọdún 1960 sí 1969 làwọn ará Bell Labs, ilé ìwádìí tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, wá ṣe èyí tó ń kọ́ bí gbohùngbohùn yẹn ṣe rí fúnra ẹ̀, tó ń yọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀. Irú ẹ̀ ló wà nínú fóònù ọwọ́ ẹ tó o bá fi sí sípíkà, tí máíkì ń gbọ́ sípíkà. Àwọn tí kò dáa nínú wọn, ẹ jọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ rí i, ohùn ẹnì kan á kàn pòórá.

Gígá ló wá kó gbogbo ẹ̀ sórí kébùlù ẹ. Wọ́n pín wáyà mẹ́jọ yẹn sí méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan gbé 250 Mb/s lọ, ó tún gbé 250 Mb/s bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àpapọ̀ ẹ̀ 1000 lọ, 1000 bọ̀. Síìpù tó wà nídìí pọ́ọ̀tù ń yọ ohùn ara ẹ̀ kúrò, kì í sì í ṣe lórí wáyà méjì kan náà nìkan, ó tún ń yọ èyí tó ń jò wá látara àwọn mẹ́ta yòókù. Ọdún 1999 ni wọ́n fi òfin ẹ̀ lélẹ̀.

Má sì rò pé ọgbọ́n tuntun ni o. Nígbà tẹlígíráàfù, kí tẹlifóònù tó dáyé, Gintl ní Vienna ti dán an wò lọ́dún 1853 láti fi ìwé méjì kọjá lórí wáyà kan, ọ̀kan ń lọ ọ̀kan ń bọ̀. Stearns ní Amẹ́ríkà ló wá mú un ṣiṣẹ́ dáadáa lórí wáyà gígùn lọ́dún 1872, ó fi kapásítọ̀ kún ayédèrú wáyà tiẹ̀ kó lè jọ ti gidi sí i. Lọ́dún 1874, Edison sọ ọ́ di mẹ́rin, méjì lọ, méjì bọ̀.

---

Olófòófó_Tẹ́kì

Mo ti túúbá lórí wáìfáì. Fóònù alágbèéká wá ńkọ́? Rédíò lòun náà, kò sì ní wáyà tó máa fi ṣe ayédèrú kankan. Mo ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ ìyá mi tó ń já lu ọ̀rọ̀ mi. Èwo ni ti ìyẹn nínú ọgbọ́n mẹ́rin tí Wáyà_Àtijọ́ kà?

---

Ìyá_Rédíò

Èkejì, tó sì fi ìkẹta lọ́wọ́ sí i. Wo GSM 900, irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù 2G. Fóònù ń sọ̀rọ̀ láàárín 890 sí 915 MHz, ó ń gbọ́ láàárín 935 sí 960 MHz, 45 MHz ló wà láàárín ohun tó ń sọ àtohun tó ń gbọ́. Fíltà tó wà lẹ́yìn áńtẹ́nà á wá jókòó sáàárín bí onílé tó mọ àlejò ẹ̀, tibí á gba ibí, tọ̀hún á gba ọ̀hún. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n fún fóònù, torí bí fíríkúẹ́ńsì bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni agbára tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà ṣe ń dín kù, bátìrì kékeré sì lòun ń lò, òpó ló ní iná tó pọ̀.

Àmọ́ GSM tún fi ẹ̀tàn díẹ̀ sí i. Wọ́n pín mílísẹ́kọ́ńdù 4.615 sí ààyè 8, fóònù ẹ á gbọ́ nínú ààyè tiẹ̀, ààyè mẹ́ta lẹ́yìn náà ló máa sọ. Kì í sọ kó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà rárá! Ìyá ẹ kàn ń já lu ọ̀rọ̀ ẹ ní ìgbà tó kúrú débi tí etí èèyàn ò fi lè mọ̀. Walkie-talkie tó ń tẹ bọ́tìnnì fúnra ẹ̀ ní ìgbà tó lé ní 200 láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, bó o bá fẹ́ kó o pè é bẹ́ẹ̀.

Àwọn 4G kan àti ọ̀pọ̀ 5G ò tiẹ̀ fún àlọ àtàbọ̀ ní fíríkúẹ́ńsì ọ̀tọ̀ mọ́, àsìkò nìkan ni wọ́n ń pín, TDD ni wọ́n ń pè é, bíi 4G tó wà lórí 2300 sí 2400 MHz. Ó wúlò torí ohun táwọn èèyàn ń fà sísàlẹ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń gbé sókè lọ, òpó lè fi àsìkò tó pọ̀ jù sí ìsàlẹ̀. Ìnira ẹ̀ ni pé gbogbo òpó tó wà nítòsí ara wọn gbọ́dọ̀ jọ dákẹ́, kí wọ́n jọ sọ, wọ́n máa ń fi GPS to aago wọn. Òpó kan tí aago ẹ̀ bá yẹ̀, á máa pariwo sí etí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbìyànjú láti gbọ́ fóònù kékeré yín.

Fáíbà tó ń wọ ilé náà, fíríkúẹ́ńsì ni, ìyẹn ni pé àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni. Okùn kan ṣoṣo, GPON, irú fáíbà kan tí wọ́n ń fà wọ ilé, ń fi ìmọ́lẹ̀ 1490 nm sọ̀ kalẹ̀, 1310 nm ló fi ń gòkè, ojú ò lè rí èyíkéyìí nínú ẹ̀, ẹ má yọjú wò ó o.

---

Bàbá_Síwíìṣì

Ẹ má yọjú wò ó lóòótọ́.

Àbúrò, nígbà tó o ti débi síwíìṣì yẹn, ṣé pọ́ọ̀tù yẹn nìkan ni wọ́n tì pa? Ẹni tó bá ti ti ọ̀kan kì í sábà ti ọ̀kan mọ.

---

ỌmọṢẹ́_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Bàbá, ẹ ti mọ irú wọn. Mo yẹ gbogbo ẹ̀ wò, méjì míì ló wà níbẹ̀, 100 full, àfọwọ́tì. Ọ̀kan ò so mọ́ nǹkan kan. Èkejì ni ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lókè, èyí tí gbogbo wa ti ń gbá lábàrá láti ọdún tó kọjá pé ọ̀lẹ ni. Mo ti ṣí i, ó sì tẹ ìwé ojú ewé 40 báyìí láìdúró ní ẹ̀ẹ̀kan. Èèyàn méjì ti wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá a ra tuntun ni.